Ká tún laptop tó ti gbó ṣe ni, àbí ká ra òmíràn?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan l'Óṣogbo tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé wo èsì WAEC wọn. HP EliteBook 840 G1 ni mò ń lò: Core i5, RAM 4GB, hard disk 500GB, Windows 10. Tí mo bá tan án láàárọ̀, mo lè gbá ṣọ́ọ̀bù, kí n to bébà tán, kó má tíì ṣe tán. Ẹ́ńjíníà tó wà nítòsí wa ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ti gbó, pé kí n gbé e wá, kí n fi owó lé e, òun á fún mi ní tuntun tí wọn ò tíì yọ nínú páálí. Ó ní Windows 10 gan-an ti parí, pé mò ń fi àkókò ṣòfò ni. Ṣé kí n gbà fún un? Ìyá Ìbejì.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú ọjà. Ẹ má tíì gbé e fún un. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí ò jọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, rárá. Kọ̀ǹpútà tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá ti ń lọ lè má tan, ó lè máa kú fúnra rẹ̀ lójijì, iná sì lè má wọlé mọ́ bí ẹ bá ki ṣájà bọ̀ ọ́. Tiyín ń tan, ó ń tẹ ìwé, ó ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kàn ń falẹ̀ ni. Lórí laptop tó ti wà láti bí ọdún 2013 tàbí 2014, hard disk, ibi tí fáìlì ń gbé, ló sábà máa ń fa irú ìfalẹ̀ bẹ́ẹ̀, RAM tó kéré, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, á sì máa tì í lẹ́yìn.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ wò ó fúnra yín. Lọ́la tí ẹ bá tan án, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager máa ṣí. Tó bá jẹ́ fèrèsé kékeré ló ṣí, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ máa wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé 100% ló máa wà fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, nígbà tí CPU, ìyẹn processor tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ò ní ju 20% tàbí 30% lọ. Processor ti káwọ́ gbera nìyẹn, ó ń dúró kí disk gbé iṣẹ́ wá fún un. Ẹ wo Memory náà. Nínú 4GB yẹn, púpọ̀ ti máa kún kí ẹ tó ṣí Chrome rárá. Bí RAM bá sì ti kún, ńṣe ni Windows á máa kó ẹrù tó kù lọ sórí hard disk, hard disk tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń dì pọ̀.

Nínú hard disk, àwo kan wà tó ń yí. Lórí laptop, ó máa ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tíńrín kan á sì máa sáré lórí rẹ̀ láti wá ibi tí fáìlì wà. Tó bá jẹ́ fíìmù ńlá kan ló fẹ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò burú, ó lè ka nǹkan bí 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àmọ́ tí Windows bá ń tan, fáìlì kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó fọ́n káàkiri ló ń bèèrè. Apá yẹn á wá dà bí akọ̀wé kóòtù tí wọ́n ń rán láti yàrá dé yàrá lọ wá ìwé, ohun tó ń rí mú wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á sì já wálẹ̀ sí bíi 1MB, nígbà míì kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. SSD, ìyẹn irú disk ìgbàlódé tí wọ́n ń fi rọ́pò hard disk, ò ní àwo, kò ní apá. Èyí tó máa wọ inú ẹ̀rọ yín, SATA oní 2.5 inch, lè ka nǹkan bí 500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó bá sì dọ̀rọ̀ fáìlì kéékèèké, ibẹ̀ gan-an ló ti fi hard disk sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Tí wọ́n bá fi sí i, ẹ ò ní rí àyè gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́ kó tó tan.

Processor tiyín ńkọ́? i5-4300U ló sábà máa ń wà nínú 840 G1, core méjì. Àgbàlagbà ni, n ò ní purọ́. Àmọ́ fún Word, PDF, Chrome tó ṣí táàbù mélòó kan, àti wíwo èsì, ó ṣì tó. Tí ẹ bá ní iṣẹ́ fídíò ni ẹ ń ṣe, tàbí CorelDRAW tó wúwo láti àárọ̀ dalẹ́, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń dun èèyàn. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ bi ara yín pé: lọ́jọ́ tí mo bá fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀, èwo nínú ohun tí mo rà ni mo lè gbé lọ? SSD ṣeé gbé lọ. Ẹ máa tú u, ẹ máa fi sínú laptop míì tó láyè 2.5 inch, bí kò bá sì láyè, ẹ máa ra páálí USB rẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n ń ki disk bọ̀ kí wọ́n lè fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á di ibi tí ẹ ń kó ẹ̀dà fáìlì sí. RAM ò ṣeé gbé lọ, torí DDR3L ni tiyín, DDR4 tàbí DDR5 ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń lò, ihò wọn ò bá ara mu. Bátìrì ò ṣeé gbé lọ. Ojú rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, bọ́ọ̀dù rẹ̀, gbogbo wọn ló máa bá a kú. Torí náà, èmi á ra SSD tuntun tó dáa, màá ra RAM tòkúnbọ̀, màá sì pa àpò dé.

240GB tàbí 256GB ti tó yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 1TB tí owó rẹ̀ kéré jọjọ fa ojú yín mọ́ra. Ayédèrú ló pọ̀ nínú irú ìyẹn. Wọ́n á tún un ṣe kó máa pe ara rẹ̀ ní 1TB, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè gbà lóòótọ́, tí ẹ bá wá kún un kọjá ibẹ̀, fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láìsọ fún yín. Ẹ ní kí ẹ́ńjíníà fi CrystalDiskInfo hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ó máa ń sọ wákàtí tí disk ti ṣiṣẹ́. SSD tí wọ́n ní tuntun ni, tó wá ti lo ẹgbẹ̀rún wákàtí, ẹ dá a padà fún un.

Ní ti RAM, ihò méjì ló wà nínú 840 G1. Ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá jẹ́ 4GB, ìkan ló wà nínú rẹ̀, ìkejì ṣófo. Ẹ ra 4GB kan sí i, ó di 8GB, ó parí. Ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀ dání lọ sọ́jà kí wọ́n fi wé e. Kí ẹ rí i pé wọ́n kọ PC3L sí i lára, kì í ṣe PC3 lásán: ti PC3L ń lo iná 1.35V, ti PC3 ń lo 1.5V, ẹ̀rọ yín ò sì gba ti PC3. Tòkúnbọ̀ tí wọ́n yọ lára laptop míì dáa gan-an, torí RAM kì í gbó bíi bátìrì. Yàtọ̀ síyẹn, láti ìparí 2025 ni RAM tuntun ti gbówó lórí burúkú, torí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe AI. Àwa tó wà l'Óṣogbo náà ń san nínú owó ọ̀hún.

Nígbà tí wọ́n bá ti ṣí i lẹ́yìn, kí wọ́n fẹ́ eruku inú fáànù rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀rá tó wà láàárín processor àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀. Ọ̀rá yẹn ti máa gbẹ kankan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọyẹ́ ìlú wa ò kí ń fojúure wo fáànù laptop. Tí processor bá gbóná jù, ńṣe ló máa dín ìsáré rẹ̀ kù kó má baà jóná, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti gbó ni.

Ẹ ò sọ̀rọ̀ bátìrì, àmọ́ mo mọ̀ pé tí NEPA bá mú iná, ó ṣeé ṣe kó kú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré ra bátìrì. Èmi ò ní ṣe é. Ayédèrú bátìrì pọ̀ ju ojúlówó lọ lọ́jà, ó sì wà lára ohun tí ẹ ò ní gbé lọ. UPS kékeré, tàbí inverter bí agbára bá gbé e, ló máa sàn jù, torí ṣọ́ọ̀bù ló ni ìyẹn, kì í ṣe laptop. Laptop yòówù tó bá rọ́pò EliteBook yìí á bá a níbẹ̀.

Ó wá ku Windows 10, ibi tí ẹ́ńjíníà yín ti sọ òótọ́, àmọ́ tí kò parí òótọ́ náà. Ní October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ dúró lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín ò ní kú torí ìyẹn, Word ò ní kọ̀ láti ṣí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ihò tuntun tí àwọn ọ̀daràn bá rí nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí i mọ́. Fún ẹni tó kàn ń tẹ ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ nílé, n ò ní pariwo. Ti yín yàtọ̀. Oníbàárà ń ki flash tó ti kọjá káfẹ́ mẹ́wàá bọ kọ̀ǹpútà yín, wọ́n ń tẹ password ímeèlì wọn lórí rẹ̀, wọ́n ń fi NIN wọn sílẹ̀ nínú Downloads. Láti 2023 ni orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin lórí dátà oníbàárà, ìtìjú ibẹ̀ sì tiẹ̀ ju òfin lọ bí àwọn ọ̀daràn bá jí ìwé ẹlòmíì gba inú ṣọ́ọ̀bù yín.

Windows 11 ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀, àmọ́ Microsoft ò gba processor tó kéré sí 8th generation lọ́dọ̀ Intel, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ yín jẹ́ 4th generation. Àwọn ọmọ ọjà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fi tipátipá gbé e sórí rẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. N ò lè fi kọ̀ǹpútà tí oúnjẹ mi wà lórí rẹ̀ ta irú tẹ́tẹ́ yẹn. Microsoft tún ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún àwọn tó ṣì wà lórí Windows 10, àtúnṣe ààbò tó máa bá wọn dé October 13, 2026. Tí Settings yín bá ti gbé e wá níbi Windows Update, ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Linux Mint tó lè rọ́pò Windows náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fúyẹ́, àmọ́ CorelDRAW ò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn prínńtà kan sì máa ń ṣagídí. Tó bá jẹ́ pé ìtẹ̀wé àti Chrome nìkan ni, ẹ lè dán an wò láti orí flash láìpa ohunkóhun rẹ́.

Ẹ rí i pé ìdáhùn mi ò dúró sójú kan. SSD àti RAM yẹn á jẹ́ kí ẹ̀rọ yín ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kò ní sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí Microsoft á máa tọ́jú. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ fi owó kékeré ra àkókò. Ẹ tún èyí ṣe báyìí, kí iṣẹ́ máa lọ, kí oníbàárà yé bínú lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í da owó èyí tó kàn. Tí ìyẹn bá ti dé, EliteBook àtijọ́ á bọ́ sídìí ìtẹ̀wé, kò ní jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín á máa fi kọ́wọ́. Tí owó àtúnṣe bá ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tòkúnbọ̀ tó ń gba Windows 11, ẹ dúró, ẹ má tún un ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo “tuntun nínú páálí” tí ó fẹ́ fún yín. Ẹ bi í léèrè processor rẹ̀. Ọ̀pọ̀ laptop tuntun olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà jẹ́ Celeron, bíi N4020, core méjì, pẹ̀lú RAM 4GB tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù tí kò ṣeé fi kún, àti eMMC 64GB, ibi ìkó-fáìlì-sí tó falẹ̀ ju SSD lọ, dípò SSD. Windows fúnra rẹ̀ á jẹ ìdajì 64GB yẹn tán kí ẹ tó fi Office sí i. Ó ń dán, páálí rẹ̀ ń rùn tuntun, Windows 11 wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ EliteBook yín tó ní SSD àti 8GB á ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ẹ máa fi owó lé e kí ẹ lè lọ sẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa ń bí mi nínú, torí àwọn tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ń tà á fún.

Tòkúnbọ̀ tó dáa ló tọ́ sí yín: EliteBook 840 G5, ThinkPad T480, Dell Latitude 7490 tàbí èyí tó tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú 8GB ó kéré tán. Ọ́fíìsì ni wọ́n ti lo àwọn wọ̀nyí lókè òkun, iṣẹ́ àṣelààgùn ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ má gba 840 G3 tàbí G4, bó ti wù kó mọ́ tónítóní tó: 6th àti 7th generation ni wọ́n. Òpin Windows 10 yìí gan-an ló ń mú kí àwọn ọ́fíìsì máa kó irú wọn dà sílẹ̀, ọjà wa ni wọ́n sì ń bọ̀. Ẹ má sì wo orúkọ G5 nìkan. Àwọn kan wà nínú G5 àti T480 tó jẹ́ i5-7300U ló wà nínú wọn. Nọ́ńbà processor ni kí ẹ kà: nínú i5-8350U, 8 tó ṣáájú ni generation rẹ̀, nínú i5-10210U, 10 ni. Ẹ kà á nínú Settings, níbi About, kì í ṣe lára sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ìgbọ́wọ́lé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sítíkà “Core i7” ló wà nítẹ̀ ní Ọ̀tìgbà, n'Íkẹjà. Core i7 tó jẹ́ 3rd generation ò tó Core i5 8th generation ṣe ìránṣẹ́.

Ẹ tan án lójú wọn, láìsí ṣájà, kí ẹ lò ó fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ wọ Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ fi Full Charge Capacity (iná tí bátìrì lè gbà báyìí) wé Design Capacity (èyí tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun). Bí èkíní ò bá tó ìdajì èkejì, ẹ já owó bátìrì kúrò nínú owó rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ F10 nígbà tó bá ń tan, tó bá jẹ́ HP, láti wọ BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń tan kọ̀ǹpútà. Tó bá bèèrè password tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọ́fíìsì tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í pa, ẹ ò sì mọ ọ̀nà tó gbà kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ìkan kù o. Hard disk tí wọ́n bá yọ, ẹ gbé e lọ́wọ́ padà wálé. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á bá yín “fọ́ọ́mátì” ẹ̀, òun á dín owó iṣẹ́ kù. Fọ́ọ́mátì kíá yẹn kì í pa fáìlì rẹ́, orúkọ rẹ̀ ló ń pa rẹ́. Ní 2005, àjọ Basel Action Network wá sí Èkó, wọ́n kó hard disk àtijọ́ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó wọ̀lú, wọ́n sì bá ìwé ìkọ̀kọ̀ àwọn ọ́fíìsì òkèèrè lórí wọn. Ti yín á jẹ́ ìwé àwọn ará àdúgbò. Ẹ fi í sínú páálí USB, ẹ kó fáìlì yín kúrò lórí rẹ̀ sínú SSD. Tó bá sì ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, ẹ kó gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì kúrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ẹ̀rọ náà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò Task Manager níbi Disk àti Memory, kí ẹ sì ya inú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n lè rí bí ihò RAM kejì bá ṣófo lóòótọ́. Bí wọ́n bá jọ ti inú èrò mi, ẹ lè bọ́ sọ́jà lọ́jọ́ kejì. Tó bá wá jẹ́ pé Disk ò kún, tí CPU ló ń lọ sí 100% ṣáá, ẹ dúró ná. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) ti wọ inú rẹ̀ láti ara flash oníbàárà, a ó sì kọ́kọ́ yanjú ìyẹn.